Kí Ẹ̀mí Bá Mi Sọ Ọ́

Ohun tí Gbénró ṣe, ká sọ tòótọ́, kò tó ohun tó yẹ kó gba oorun lójú ọmọ ènìyàn. Kò jalè, kò gba ìyàwó ẹnikẹ́ni, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Omi ló lọ pọn. Ibi tó ti pọn ọ́n, àti ìdáhùn tó fún wọn nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ni wàhálà wà.

Ilé iṣẹ́ kan ní Ọgbà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, ni Gbénró ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ náà ni ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó ń lọ wà, òun sì ni olùtọ́jú omi níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ipò yìí o. Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ará ìjọ máa ń gbé ìgò àti kẹ́ẹ̀gì wá gba omi àdúrà, omi náà kò sì gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá àyàfi inú kànga tí bàbá tó dá ìjọ sílẹ̀ gbẹ́ síbi tí Ọlọ́run fi hàn wọ́n lójú ìran. Ẹni tó máa pọn ọ́n gbọ́dọ̀ wọ sùtánà, kó bọ́ bàtà, kó sì ka Sáàmù mẹ́ta kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kí wọ́n tó gbàdúrà sí omi náà, Alàgbà tó jẹ́ olórí ìjọ á dìde níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n á ní, "Ṣé láti inú kànga wa ni?" Olùtọ́jú omi á dáhùn pé, "Láti inú kànga wa ni, sà." Gbogbo ìjọ á ṣe àmín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí wọ́n tó bí Gbénró nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, Gbénró tan pọ́ǹpù tó wà nínú kànga náà pé kó fa omi kún táńkì. Kó tó kún, ó ní kí òun yọjú wo bóòlù díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń wò ó ládùúgbò. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ bóòlù ṣe ń rí. Wọ́n gbá ọ̀mì, wọ́n fi àkókò kún un, wọ́n tún wá ń gbá pẹ̀nálítì. Nígbà tó fi máa padà, òórùn wáyà tó jó ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Pọ́ǹpù ti kú. Tó bá sọ fún Alàgbà pé pọ́ǹpù jó, wọ́n á bi í pé níbo ló wà nígbà tó ń jó, Gbénró kò sì rí bí ọ̀rọ̀ pẹ̀nálítì ṣe máa bọ́ sí i létí Alàgbà.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó gba ọ̀dọ̀ Ṣàkírù lọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Ṣàkírù, ìdí ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ń bójú tó omi mọ́ṣáláṣí tó wà ní òpin àdúgbò. Ṣàkírù kò tiẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní omi kì í ṣe ohun téèyàn ń fi du ẹnìkejì rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ Gbénró ti wá di ẹ̀rín nìyí: nítorí pé òfin ni òfin, ó wọ sùtánà rẹ̀ funfun báláú, ó bọ́ bàtà, ó ka Sáàmù mẹ́ta sábẹ́ ahọ́n, ó wá gbé kẹ́ẹ̀gì tò sẹ́yìn àwọn tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́nu ẹ̀rọ. Bàbá kan tó ń fọ ẹsẹ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n sì sún fún un. Irọ́ ni Gbénró ń lọ pa, ṣùgbọ́n kò fẹ́ rú ju òfin kan ṣoṣo lọ.

Nígbà tí ìsìn bẹ̀rẹ̀, Alàgbà bi í bóyá láti inú kànga wọn ni. Ó ní láti inú kànga wọn ni. Òrùlé kò wó lu ẹnikẹ́ni, ìjọ ṣe àmín, ó sì dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Kò tán. Ẹni tó máa tún pọ́ǹpù ṣe ní àfi kí òun ṣí ìdérí kànga, iwájú ọ̀nà tí gbogbo ìjọ ń gbà wọlé gan-an ni ìdérí ọ̀hún sì wà. Nítorí náà, Gbénró tún lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ó sì tún lọ ní ìkẹta. Àfi bí omi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ọmọ tí kì í sùn ń sùn. Ọkùnrin kan tí ọ̀gá rẹ̀ ti lé níbi iṣẹ́ rí ìpè pé kó máa padà bọ̀. Àwọn èèyàn ní omi náà ti fúyẹ́ sí i, ó ti dùn sí i, agbára tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré, àwọn kan sì ń ti Abúlé Ẹ̀gbá wọ bọ́ọ̀sì wá tàwọn ti kẹ́ẹ̀gì. Kànga mọ́ṣáláṣí jìn ju tiwọn lọ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ta ni Gbénró máa sọ ìyẹn fún?

Èyí tó wá lé oorun lọ lójú rẹ̀ ni ti Ìyá Jemimah. Ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí i ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n lọ mú un ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí wọ́n tọ́ ọ, tí wọ́n wáṣẹ́ fún un, tí wọ́n sì ń wá ìyàwó fún un báyìí, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ó pẹ́ tí Màmá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n dìde láti jẹ́rìí.

"Ẹ bá mi yin Olúwa," ni wọ́n wí. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń lò láti ọjọ́ yìí wá, mo ti kó o dànù. Omi Ọjọ́bọ̀ yìí nìkan ni mò ń mu."

Ìjọ hó gèè. Bí Màmá sì ṣe ń sọ ọ́, ojú Gbénró ni wọ́n ń wò, wọn ò ṣẹ́jú. 

Ọjọ́ náà gan-an ni Jemimah, ọmọ Màmá, pè é láti Maryland ní Èkó níbí, níbi tó ti ń ta aṣọ. Ó ní òun ti bẹ màámi títí, wọn ò dá òun lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ ń pọn omi yẹn, bùrọ̀dá Gbénró," ló wí. "Tí nǹkan bá ṣe màámi, ọwọ́ yín ni mo ti máa béèrè wọn."

Gbénró sáré lọ sílé Màmá, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa lo oògùn náà mọ́ omi. Màmá bu oúnjẹ fún un. Wọ́n ní ṣé omi náà kò tó ni? Ó ní ó tó. Wọ́n wá fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ní, "Gbénró, ṣé láti inú kànga wa ni?"  Gbénró gbé ẹran tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, ó ní, "Láti inú kànga wa ni, ma." Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n sì yíjú sí fèrèsé wọn tó kọjú sí ìta mọ́ṣáláṣí.

Ó wá tú ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún Ṣàkírù nídìí ẹ̀rọ. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí Màmá má kú sí òun lọ́rùn, ojú sì ń ti òun láti sọ òótọ́, torí wọ́n á gba omi lọ́wọ́ òun, gbogbo Ọgbà á sì gbọ́. Ṣàkírù ní ṣé ó ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run ná. Gbénró ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni.

"Ohun tí kò yé mi nípa ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì nìyẹn," ni Ṣàkírù wí. "Ọlọ́run rí ẹ nígbà tó ò ń gbé kẹ́ẹ̀gì. Kí lo tún fẹ́ lọ sọ fún Un tí kò mọ̀?"

Ṣàkírù fi ṣe àwàdà ni o. Òun náà ń tọrọ àforíjì lẹ́yìn gbogbo ìrun rẹ̀, ó sì fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Gbénró kò dúró gbọ́ apá kejì. Ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Àbí òótọ́ kọ́? Ta ló ń ròyìn fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀? Láti ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n bá ní kí olúkúlùkù jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní ìdákẹ́rọ́rọ́, tí àwọn yòókù ń kùn, tí wọ́n ń sunkún, Gbénró á ní, "Olúwa, gẹ́gẹ́ bí O ti mọ̀," á sì bọ́ sórí ohun tó fẹ́ tọrọ. Òun ló máa ń kọ́kọ́ lajú nínú gbogbo ìjọ. Àwọn tó rí i rò pé ọkàn rẹ̀ mọ́ ni.

Kékeré kọ́ ni àdúrà náà fi yá o, ṣùgbọ́n kò wọlé. Tó bá ti kúnlẹ̀ báyìí, yóò dà bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Màmá sì wà nílé, wọ́n ń mu omi mọ́ṣáláṣí dípò oògùn.

Ó wá ronú kan ọgbọ́n tuntun. Ọlọ́run mọ̀, àbí? Ọlọ́run kan náà ló sì ń fi nǹkan han Wòlíì Ayọ̀tọ́lá, ìyá aríran wọn. Kí Ẹ̀mí kúkú bá òun sọ ọ́. Tó bá ti ẹnu aríran jáde, òun kàn máa dọ̀bálẹ̀, òun á sunkún, ọ̀rọ̀ á tán, òun kò sì ní í la ẹnu. Gbénró kúrò níbi tó máa ń jókòó sí lẹ́yìn òpó, ó lọ jókòó sí iwájú, kí Ẹ̀mí má baà wá a tì.

Ẹ̀mí gun Wòlíì Ayọ̀tọ́lá, wọ́n sì rí gbogbo èèyàn. Wọ́n rí akọrin kan pé ó ní fóònù kejì tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Wọ́n rí ìyá alákàrà pé kó yéé bá àna rẹ̀ yan odì. Wọ́n kọjá níwájú Gbénró lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ó na ọrùn sí wọn bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n dúró lórí rẹ̀. Àyà Gbénró já, inú rẹ̀ sì dùn. Ó di ojú pọ̀, ó ti ń ṣètò bó ṣe máa ṣubú.

"Ọmọ mi, Ẹ̀mí ní kí n sọ fún ọ," ni Wòlíì wí, "pé ìgbéga ń bọ̀."

Ìjọ ṣe àmín. Alàgbà ní àwọn náà ti ń rò ó lọ́kàn, ẹni tí omi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó báyìí kò yẹ kó dúró sójú kan náà. Wọ́n ní ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, àwọn máa fi àmùrè tuntun dè é, yóò sì di olórí gbogbo àwọn tó ń tọ́jú ilé Ọlọ́run. Èèyàn gbá a lẹ́yìn, èèyàn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Gbénró fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, wọ́n ní ayọ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀hún pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Omi mọ́ṣáláṣí wà nínú kẹ́ẹ̀gì níwájú pẹpẹ, Gbénró kúnlẹ̀ tì í, àmùrè wà lọ́wọ́ Alàgbà. Wọ́n ní kí Ìyá Jemimah kọ́kọ́ wá jẹ́rìí, torí ẹ̀rí tiwọn ló lágbára jù. Màmá jáde síwájú. Wọ́n wo Gbénró fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ìdáhùn. Gbénró wo ilẹ̀. Ni Màmá bá bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì, wọ́n ti báàgì, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará, òòyì ń kọ́ mi," wọ́n sì ṣubú lu àga gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ariwo sọ. Àwọn kan ń pe Jésù, àwọn kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Alàgbà ké sí Gbénró pé kó gbé omi wá kíákíá, kí àwọn da á sí Màmá lórí, kí wọ́n sì mu ún. Gbénró gbé kẹ́ẹ̀gì.  Àṣà kì í kúrò lára àgbàlagbà: bí Alàgbà ṣe na ọwọ́ gba omi náà, wọ́n dúró, wọ́n wo ojú rẹ̀.

"Ṣé láti inú kànga wa ni?"

Gbénró wo Màmá tó wà lórí àga. Ó wo ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, ẹsẹ̀ tó lọ mú un láti Ògbómọ̀ṣọ́ wọ Èkó.

"Rárá, sà," ló wí. "Láti mọ́ṣáláṣí ni. Láti ọjọ́ yìí wá, mọ́ṣáláṣí ni mo ti ń pọn ọ́n. Èmi ni mo jẹ́ kí pọ́ǹpù jó, mo lọ wo bóòlù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé omi yẹn jù sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbé màámi lọ sọ́sibítù."

 Àmùrè bọ́ lọ́wọ́ Alàgbà. Gbénró kò dúró wo ẹni tó ń wò ó. Ó gbé Màmá kọ́ èjìká, ó sì gbé wọn jáde pẹ̀lú sùtánà àti ẹsẹ̀ lásán. Ó gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tó ń bẹ̀ nínú Màmá àti Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ tó kọ̀ láti sọ láti ọjọ́ yìí wá ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ láti Ọgbà dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, oníkẹ̀kẹ́ sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wé ẹ̀rọ mọ́ Màmá lápá, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn wà níbi tó yẹ kó wà. Ó ní oògùn tí wọ́n ń lò ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí wọ́n má dá a dúró.

"Oògùn wo?" ni Gbénró béèrè.

Nọ́ọ̀sì ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni, Màmá fúnra wọn ṣáà ni wọ́n wá gbà á níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kó ẹ̀rọ rẹ̀, ó jáde. Màmá la ojú kan, wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n la èkejì. Wọ́n mú gíláàsì nínú báàgì, wọ́n fi sójú. Ìgbà yẹn ni Gbénró rántí pé òun kò tíì rí ẹni tí òòyì kọ́ rí tó kọ́kọ́ tọ́jú gíláàsì.

"Màámi, ẹ ti mọ̀."

"Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ lọ ni mo ti rí ẹ lójú fèrèsé," ni Màmá wí. "Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ nǹkan ṣe, ṣé sùtánà funfun ló máa ń wọ̀? Mo rò pé áńgẹ́lì ló ń ṣe àlùwàlá."

Gbénró fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní tí wọ́n bá ti mọ̀, kí ló dé tí wọ́n ń bi òun, tí wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀rù fẹ́ pa òun? Kí ló dé tí wọn ò kàn sọ fún òun pé àwọn rí òun?

 Ohùn Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́ nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀. "Ọ̀rọ̀ omi kọ́ ni mò ń béèrè. Mo mọ ibi tí omi ti wá. Ìwọ ni mi ò mọ ibi tó o wà mọ́. Ọmọ tí mo tọ́ jókòó níwájú mi, ó ń jẹ oúnjẹ mi, kò sì sí níbẹ̀. Tí mo bá sọ fún ẹ pé mo rí ẹ, mo mú ẹ nìyẹn. Mi ò fẹ́ mú ẹ. Mo fẹ́ kó o wá ni."

Gbénró gbé orí lé ẹsẹ̀ wọn. Ó ronú kan gbogbo "gẹ́gẹ́ bí O ti mọ̀" tó ti ń gbà láti ọjọ́ yìí wá, bó ṣe ń yára lajú kí ẹnikẹ́ni tó parí. Ó wá yé e pé Ọlọ́run náà wà lójú fèrèsé ní gbogbo àkókò yẹn. Ojú tì í gan-an, ara sì tù ú, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú yàrá ọsibítù náà ló ti jẹ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi pẹ̀nálítì, kò fo nǹkan kan. Màmá gbọ́ ọ látòkè délẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Nígbà tó parí, ó nu ojú, ó wò wọ́n.

"Màámi, ẹ purọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ kó oògùn dànù. Ẹ tún dákú."

Màmá ní torí tirẹ̀ ni. Gbénró ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Màmá tún gíláàsì ojú wọn ṣe. Wọ́n ní, "Ọlọ́run kúkú mọ̀."

 Gbénró kàn ń wò wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn náà ṣe máa ń wò ó nígbà ẹ̀rí. Màmá yíjú sí ògiri, wọ́n yíjú padà, ó ṣì ń wò wọ́n. Màmá pòṣé.

Ìjọ gba omi lọ́wọ́ Gbénró, wọ́n fún un ní ìgbálẹ̀ ilé ìyàgbẹ́, Alàgbà sì ní kó dúpẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ. Wọ́n tún pọ́ǹpù ṣe. Àwọn kan ń ráhùn pé omi tuntun náà kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀, Ṣàkírù sì sọ fún un pé àwọn oníkẹ́ẹ̀gì kan láti Abúlé Ẹ̀gbá ti wá bi òun bóyá wọ́n lè máa yà ní mọ́ṣáláṣí.

Ní Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bọ́ síwájú, Ìyá Jemimah dìde. Ìrìn wọn lọ́ra gan-an. Gbénró tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó bá wọn gbé báàgì. Nígbà tí wọ́n dé iwájú pẹpẹ, Màmá wo gbogbo ìjọ, omijé lé sí wọn lójú, wọ́n sì bọ́ gíláàsì wọn. Alàgbà fò dìde. Wòlíì Ayọ̀tọ́lá na ọwọ́ méjèèjì. Gbénró ju báàgì sílẹ̀, ó dì wọ́n mú gírígírí.

"Fi mí sílẹ̀," ni Màmá wí. "Mi ò dákú. Ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ."